Òkìtì Inú Toribash: Ọ̀nà Àbùjá Wo Ló Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́?

Àwọn àbúrò wa tó ń gbá géèmù Toribash ní Agbowó àti Bódìjà kì í yé bi mí bóyá ẹni tó gba ọ̀nà àbùjá ṣe replay (ìjà tàbí òkìtì tí géèmù tọ́jú kéèyàn lè tún un wò) lè pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdáhùn mi rèé.

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe replay ọ̀hún gan-an?

Géèmù ìjà tó jáde ní 2006 ni Toribash. Kò sí bọ́tìnì ẹ̀ṣẹ́ tàbí ti ìpá níbẹ̀. Oríkèé ara ni wàá máa pàṣẹ fún níkọ̀ọ̀kan: ká a, nà án, dì í mú, tàbí kó o tú u sílẹ̀. Òjìji kan á fi ibi tí ara ń lọ hàn ọ́. Wàá tẹ bọ́tìnì, ara á sún díẹ̀, wàá tún ronú. Tó o bá parí, gbogbo rẹ̀ á wá lọ geere lẹ́ẹ̀kan.

Tí mo bá padà sẹ́yìn lọ ṣàtúnṣe, ṣé mo ti yan ẹ̀tàn nìyẹn?

Rárá o. Géèmù fúnra rẹ̀ ló fàyè gbà á. Tún un ṣe títí ọkàn rẹ á fi balẹ̀.

Èwo wá ni ẹ kórìíra?

Kí èèyàn gba ìbẹ̀rẹ̀ replay ẹlòmíì, kó fi òkìtì tirẹ̀ lé e, kó sì dákẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà! Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ara ò rí nǹkan kan tì mọ́. Yíyí tó gbé gòkè náà ló máa lò títí á fi balẹ̀. O lè ká apá àti orúnkún mọ́ra kó yí kíákíá, o lè nà wọ́n kó rọra yí, ṣùgbọ́n o ò lè fi kún un.

Wo butterfly twist, tí ara fi ń yí gbalaja lófuurufú. Àyà á kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀, apá á fì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á jù sókè, ẹsẹ̀ iwájú á wá ta ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tó to ìyẹn ló ni òkìtì náà. Tó o bá fẹ́ lò ó, tọrọ rẹ̀, kó o sì dárúkọ ẹni náà.

Àwọn tó ń yí inú fáìlì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tó ṣeé ṣí kà ló wà nínú fáìlì replay, àwọn kan sì ń wọbẹ̀ lọ yí nọ́ńbà. Ojú lásán máa ń mú wọn: ara á ṣàdédé sáré yí lókè láìká ohunkóhun mọ́ra. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́gbọ́n lórí.

Tí mo bá dín òòfà ilẹ̀ inú géèmù kù ńkọ́?

Sọ ọ́ síta pé o dín in kù. Ó tán.

Níbo ni mo ti máa rí àrà tuntun?

Lára èèyàn. Tí eégún onídán bá ń tàkìtì, tàbí tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń kọ́ táíkóńdò, ẹsẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ ni kó o máa wò. Tó o bá wá délé, tí iná sì wà, ìbàdí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má fọwọ́ kan apá títí ara á fi mọ ibi tó ń yí sí.