Afárá Oyin Inú Sàlẹ́ńsà: Bí Kátálíìsì Ṣe Dé Abẹ́ Ọkọ̀

Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọkọ̀ tí mo gbé fún mẹkáníìkì láàárọ̀ Sátidé, tí kì í ṣe ju kó máa kùn jẹ́jẹ́ lọ, ló ń bú ramúramù gun òkè bọ̀ nílé wa ní Àsérò, ní Abẹ́òkúta. Mo bi í pé kín ló ṣẹlẹ̀.

"Bọ̀dá, mo ti bá yín gé kátálíìsì yẹn kúrò. Ó ti dí pátápátá. Òun ni kì í jẹ́ kó fà."

Ó ṣí búùtù, ó fi irin náà hàn mí: agolo gbọọrọ kan tó wú láàárín, tí wọ́n fi gíráńdà gé lọ́tùn-ún lósì. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Afárá oyin gan-an ló jọ: ihò wẹ́wẹ́ tó jọra wọn, tó gùn láti ẹnu kan dé ìkejì, àmọ́ apá kan ti yọ́ ó sì ti lẹ̀ pọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dé. Ó ń fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára agolo náà wé èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀. Owó tó kà fún mi kò ra táyà tuntun kan. Mo gbà á, mo dúpẹ́, n kò sì mọ ohun tí mo tà.

Ìgbà tó yá ni mo tó wádìí rẹ̀: agolo tó ń fọ èéfín olóró inú ọkọ̀ ni.

Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù Keje ọdún 1943. Kùrukùru kan bo ìlú náà lọ́jọ́ kan, ó ń ta èèyàn lójú, ó ń ha wọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan sì rò pé àwọn ará Japan ló fi gáàsì olóró ránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan tó ń pèsè èròjà rọ́bà àtọwọ́dá lẹ́bi. Wọ́n ní kó dá iṣẹ́ dúró. Kùrukùru náà kò lọ.

Ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ ni Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n bí ní Netherlands, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Caltech. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń yẹ̀ wò, ó fẹ́ mọ ohun tó ń fún un ní òórùn dídùn. Irinṣẹ́ tó fi ń kó òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó jọ náà ló kọjú sí afẹ́fẹ́ ìlú. Nígbà tí ọdún 1950 fi wọlé, ó ti ń fi hàn pé epo bẹntiróòlù tí kò jóná tán àti gáàsì nàìtírójìn tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni oòrùn ń sè pọ̀ lójú ọ̀run, tó sì ń di gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ozone. Ozone yìí wà lára ohun tó ń ta ojú. Ó máa ń jẹ rọ́bà náà, kó sán an, tó fi jẹ́ pé rọ́bà tó sán ni ọkùnrin yìí fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ epo bá a jiyàn gidi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ ará ìlú fúnra wọn ló ń ta wọ́n lójú.

Ẹnìkan ka ìròyìn yìí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Eugene Houdry ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1892, tó jagun nínú ọkọ̀ ogun onírin nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó sì fẹ́ràn ọkọ̀ eléré ìje. Ìdí tó fi yẹ kí ọkàn rẹ̀ má balẹ̀ ni pé òun gan-an wà lára àwọn tó jẹ́ kí bẹntiróòlù pọ̀ láyé. Òun ló wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba epo rọ̀bì tó ki kọjá lára èròjà bí amọ̀, kó lè fọ́ di bẹntiróòlù tó dára. Ní 1937, ilé iṣẹ́ Sun Oil bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà rẹ̀ ní Marcus Hook, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, epo tí wọ́n sì fi ọ̀nà yìí ṣe wà lára ohun tó gbé ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà àti ti Bírítéènì fò nígbà ogun.

Èròjà bí amọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Alárinà ni. Alárinà a mú ọmọkùnrin pàdé ọmọbìnrin, ìdílé méjèèjì a di ọ̀kan, òun á ṣán aṣọ rẹ̀, á padà sílé bó ṣe wá, á tún máa wá àwọn míì tó máa so pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kátálíìsì ṣe rí nìyẹn: ó ń mú kí nǹkan méjì yára dàpọ̀ tàbí kí ọ̀kan yára tú ká, àmọ́ òun kì í jẹ tán níbẹ̀. Houdry ronú pé bí alárinà bá lè tú epo rọ̀bì ká, ó lè parí jíjó epo tí ẹ́ńjìnnì jó kù. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ó dá ilé iṣẹ́ Oxy-Catalyst sílẹ̀. Lọ́dún 1956, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí àṣẹ lórí agolo tó ń fọ èéfín ọkọ̀. Wọ́n lò ó fún ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù nínú ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí èéfín kò ti ráyè jáde. Àmọ́ ọkọ̀ orí títì kò lè lò ó.

Òjé ni kò jẹ́.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìyẹn ni àwọn ọmọ Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àmọ́ kín ni òjé ń wá nínú epo ọkọ̀? Lóṣù Kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors rí i pé bí wọ́n bá po èròjà olójé kan mọ́ bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan gbà-gbà-gbà mọ́ nígbà tó bá ń gun òkè. Ó di ọjà ní 1923. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú níbi kan tí wọ́n ti ń ṣe é ní New Jersey, lẹ́yìn tí orí wọn ti dàrú. Midgley pe àwọn oníròyìn, ó bu èròjà náà sọ́wọ́, ó fi fọ ọwọ́ níṣojú wọn, ó ní kò léwu. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti sinmi iṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú nítorí àìsàn tí òjé fà sí i lára. Ọkàn kan le o. Àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn náà, olójé ṣì ni epo tí aráyé ń rà.

Bí òjé bá dé inú agolo Houdry, ńṣe ló ń bò ó lójú bí ìgbà tí èèyàn bá da ọ̀dà sórí afárá. Alárinà kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Houdry kú ní 1962 láìrí i kí ọkọ̀ orí títì lo nǹkan rẹ̀.

Òfin ló tú okùn náà. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1970, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tuntun tó ní kí èéfín olóró inú ọkọ̀ tuntun fi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún bíi mélòó kan. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pariwo pé kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn kò dá mi lójú, torí pé Honda ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n pè ní CVCC, èyí tó bá òfin mu láìlo agolo kankan. Àwọn yòókù kò ní irú rẹ̀. Kátálíìsì ló kù fún wọn, kátálíìsì kò sì ní bá òjé gbé. Ìjọba wá pàṣẹ pé láti oṣù Keje 1974, àwọn ilé epo ńláńlá gbọ́dọ̀ ní epo tí kò lójé. Wọ́n sọ ẹnu táǹkì ọkọ̀ tuntun di tóóró kí ọ̀kọ́ epo olójé má lè wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí.

Afárá tí mo rí nínú búùtù mi wá láti ọwọ́ àwọn mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ Corning: Rodney Bagley, Irwin Lachman àti Ronald Lewis. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, amọ̀ pàtàkì tí kì í sán bó bá gbóná lójijì tó sì tún tutù. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò bí ìyẹn ṣe le tó. Wọ́n ń ti amọ̀ tútù náà gba ara irin oníhò jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọṣẹ ìfọyín, ó sì ń jáde ní afárá tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páálí. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ní ihò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kí èéfín lè kan ògiri tó pọ̀ bó ti ń sáré kọjá. Wọ́n wá fi èròjà kan tó rí ṣákiṣàki kun ògiri náà, wọ́n sì fọ́n platinum àti palladium, irin olówó iyebíye, sára rẹ̀, gíráàmù díẹ̀ péré. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1975 ní Amẹ́ríkà ló ní in.

Ó ku ibì kan. Mẹ́ta ni olóró inú èéfín ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni káábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa èèyàn sójú oorun. Ìkejì ni epo tí kò jóná. Ìkẹta ni gáàsì nàìtírójìn tí Haagen-Smit rí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń fẹ́ ọ́síjìn kún ara wọn kí wọ́n tó dẹ̀rọ̀. Ti ìkẹta ń fẹ́ kí a gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀. Alárinà wo ló lè parí ìjà yẹn nínú yàrá kan ṣoṣo? Carl Keith àti John Mooney ní ilé iṣẹ́ Engelhard ló rí i ṣe, wọ́n fi rhodium, irin olówó iyebíye míì, kún un. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ kìkì bí afẹ́fẹ́ àti epo tó wọ ẹ́ńjìnnì bá bára mu régí: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo kan. Kabúrétọ̀ kò lè máa wọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bosch wá ṣe sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n kì bọ páìpù èéfín, kó máa tọ́ ọ́síjìn wò, kó sì máa sọ fún ọpọlọ ọkọ̀, ohun tí àwọn rẹwáyà ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì, pé epo ti pọ̀ jù tàbí pé ó kéré. Volvo ló kọ́kọ́ gbé agolo àti sẹ́ńsọ̀ náà jáde pọ̀, fún California, lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1977.

Àwa ńkọ́? Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, táwọn awakọ̀ Kútọ̀ fi kó wa dé Èkó àti Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní kátálíìsì kankan nídìí. Epo olójé la ń rà. Yúróòpù fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí tòkúnbọ̀ wá ń ya wọlé, kátálíìsì wà lábẹ́ wọn, àmọ́ òjé inú epo wa ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ṣèpàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé àwọn máa yọ òjé kúrò nínú epo, ó sì kúrò nígbà tí ọdún 2006 wọlé. Algeria ló gbẹ̀yìn lágbàáyé, lọ́dún 2021. Òfin NESREA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ jáde lọ́dún 2011.

Ti dísù yàtọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Asẹ́ kan ń gba dúdú èéfín rẹ̀ dúró, wọ́n sì ń tú omi yúríà sínú páìpù láti fi pa gáàsì nàìtírójìn, yúríà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń wọ́n sídìí àgbàdo. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni àṣírí Volkswagen tú pé wọ́n kọ́ bréènì ọkọ̀ wọn láti máa mọ ìgbà tí wọ́n ń dán an wò, kó sì hùwà ọmọlúàbí fún ìgbà díẹ̀ náà nìkan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ló ní irọ́ yìí nínú.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ ni irin tí mo tà. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń wa platinum àti rhodium jù lọ láyé. Wọ́n wà á lábẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ó lọ sí òkèèrè, ó di agolo lábẹ́ ọkọ̀ olówó, ọkọ̀ gbó, ó di tòkúnbọ̀, ó gba Èkó wọlé sí Abẹ́òkúta, a fi gíráńdà gé e, ó tún gbéra padà sí òkèèrè láti lọ yọ́. Lọ́dún 2021, owó rhodium kọjá 20,000 dọ́là fún áúńsì kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi ní nọ́ńbà lórí fóònù.

Mo tún bi mẹkáníìkì míì pé kín ló máa ń mú kó yọ́. Àgbà ni. Ó ní kátálíìsì kì í ṣàdédé dí, pé bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá ta iná dáadáa, bẹntiróòlù tútù ló ń wọ inú agolo náà, ibẹ̀ ló ti ń jó, ooru náà á sì yọ́ amọ̀. Ó yẹ ọkọ̀ mi wò. Kọ́ìlì kẹta ló ti kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fà geere.

Àmọ́ iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù kò kú. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tuntun máa ṣọ́ kátálíìsì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ kejì fi wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tèmi ń wá a, kò sì rí i. Rẹwáyà kan ní Pánṣẹ́kẹ̀ ní òun lè bá mi tan sẹ́ńsọ̀ náà jẹ, kí iná náà kú, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó máa tàn.