Bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ puffin tó ṣìnà wọ ìlú

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń lọ sópin, àwọn ọmọ iléèwé ní erékùṣù Heimaey, ní gúúsù Íslándì, kì í tètè sùn. Wọ́n á gbé páálí àti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa wá ọmọ puffin káàkiri títì. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, ti ka ẹyẹ òkun yìí mọ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ọmọ kan ṣoṣo ni puffin ń tọ́ lọ́dún, nínú ihò ilẹ̀ lórí òkè etíkun. Tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ á dá jáde lóru, torí àwọn ẹyẹ ńlá lè gbé e jẹ lójú ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ló yẹ kó tọ̀ lọ, àmọ́ iná ìlú àti ti èbúté ló ń tàn án, bíi kòkòrò tó ń yí gílóòbù ká. Kòkòrò tiẹ̀ sàn, yóò fò lọ bí iná bá kú. Ọmọ puffin tó bá já sáàárín ilé kì í sábà lè gbéra mọ́. Á sá sábẹ́ mọ́tò, níbi tí ológbò tàbí táyà yóò ti bá a.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mú un, ọwọ́ méjèèjì á di ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, torí ó ń geni jẹ, èékánná rẹ̀ sì mú. Ẹyọ kan ní páálí kan, kí páálí ní ihò atẹ́gùn. Ó parí.

Kò parí lójú àwọn aláàánú àṣejù. Wọ́n á fún un ní búrẹ́dì, wọ́n á gbé e sínú omi ìwẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀rá ara rẹ̀ tó o di àárọ̀, ẹja ló sì ń jẹ. Ọṣẹ ń bó òróró tí kì í jẹ́ kí omi wọ ìyẹ́ rẹ̀, òtútù òkun yóò sì pa á. Èyí tí epo èbúté bá yí lára nìkan ni wọ́n ń wẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Wọn kì í sì dá a sílẹ̀ títí omi yóò fi tún máa yọ̀ lára rẹ̀.

Láàárọ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n yìí gan-an lọgbọ́n ètò náà. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Tó bá ju gíráàmù 250 lọ, ara tuni. Tó bá rù, ó túmọ̀ sí pé òbí rẹ̀ ò rí ẹja tó lójú òkun. Páálí ò lè wo ìyẹn sàn.

Ọ̀sán ni wọ́n ń tú u sílẹ̀, nígbà tí iná ò lè fà á padà, níbi tó jìnnà sí ìlú, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ bèbè àyàfi omi. Wọ́n á dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á fì í láti ìsàlẹ̀ sókè, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀ kó na ìyẹ́. Bí atẹ́gùn bá le débi pé yóò gbé e padà sórí ilẹ̀, wọ́n á wá ibòmíràn. Èyí tí kò wúwo, etí omi ni wọ́n ń gbé e sí.

Ẹyẹ yìí kan náà làwọn àgbàlagbà erékùṣù ti ń fi àwọ̀n olópòó gígùn mú jẹ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi ń dẹ ẹ́ ti dín kù gan-an. Ọmọ tó bá dé òkun kò ní yé ẹyin títí yóò fi tó bí ọdún márùn-ún. Nítorí náà, iye páálí tó kún lọ́dún yìí kò lè sọ iye ihò tí yóò ní ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀.