Ṣé Èmi Náà Lè Wọ̀ Ọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Ọsirélíà

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Melbourne ló ju fọ́tò tíṣáàtì kan sínú gúrúpù WhatsApp ẹbí wa, tíṣáàtì dúdú, òòrùn yẹ́lò róbótó wà láàárín àyà ẹ̀, wọ́n wá so páálí kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n kọ "Ally Friendly" sí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ kí òun bá a rà bọ̀ wálé ní December. Kàkà kí wọ́n sọ sáìsì, ìbéèrè ni wọ́n dà bò ó, òun náà bá nawọ́ sí mi pé bọ̀dá ló máa ń ka irú nǹkan báyìí kiri, ẹ bi wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ro mí. Ni mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí.

Àwọn wo lẹ̀ ń pè ní ọmọ onílẹ̀?

Kì í ṣe àwọn tó ń wó fẹ́ǹsì èèyàn ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí o. Àwọn tó ti wà ní Ọsirélíà kí òyìnbó tó débẹ̀ ni mò ń sọ, àwọn Aboriginal àti àwọn ará erékùṣù Torres Strait, ó ti lé ní 50,000 ọdún tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yẹn, èdè wọn sì lé ní 250 nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Sydney ní January 26, 1788. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba Ọsirélíà ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Àwọn fúnra wọn máa ń pe ara wọn ní "mob". Tí ẹni méjì bá pàdé, wọ́n á béèrè pé ta ni mob ẹ, bí àwa náà ṣe máa ń béèrè pé ọmọ ilé ta ni ẹ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, a máa lò ó.

Kí ni "Ally Friendly" tó wà lára páálí yẹn?

Clothing The Gaps ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù yẹn, Melbourne ló wà. Laura Thompson, ọmọ Gunditjmara (ọ̀kan nínú àwọn mob Aboriginal), ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Sarah Sheridan tí kì í ṣe Aboriginal. Iṣẹ́ ìlera làwọn méjèèjì ń ṣe tẹ́lẹ̀, aṣọ tí wọ́n ń fún àwọn tó bá wá síbi ètò eré ìdárayá wọn làwọn èèyàn wá fẹ́ràn ju ètò náà lọ, ó wá di òwò. Orúkọ yẹn, ètò ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Closing the Gap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni wọ́n fi ń ṣeré, ètò tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dí àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ orí tí ọmọ onílẹ̀ fi ń kú àti ti àwọn tó kù.

Oríṣi aṣọ méjì ni wọ́n ń tà. "Ally Friendly" ni ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti àwọn èèyàn náà lẹ́yìn lè rà á kó wọ̀ ọ́. "Mob Only" ni ti ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹ̀tanú nìyẹn. Mo ní àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo òkú àgbà tí a ń ṣe nílé. Ẹ ra aṣọ ẹbí, ẹ wé gèlè, ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹ̀bà, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí lẹ fi ṣe olóògbé. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ rà á ni, torí bí aṣọ ẹbí bá ṣe pọ̀ tó láàárín agbo ni iyì ẹbí ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn ọmọ olóòkú wọ̀ yàtọ̀. Ẹ ò lè lọ dá irú tiwọn kẹ́ ẹ wá tò sẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n bá ń jó wọlé. Kò sí òfin tó ní wọ́n máa tì yín mọ́lé, àmọ́ tí ẹnì kan bá wá bá yín pé ẹ kú ara fẹ́ ra kù ìyá yín, kí lẹ máa sọ?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Aṣọ wọn ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ sì ni kí aṣọ yẹn mú kí ẹnì kan béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹ nínú tíráàmù tàbí níbi iṣẹ́. Tí aṣọ bá sọ pé ilẹ̀ yìí tiwọn ni, tiwọn ló sì máa jẹ́ lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Melbourne lè sọ ìyẹn, òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè mọ́lẹ̀bí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "èmi, ẹni báyìí báyìí, ọmọ onílẹ̀" ni aṣọ ń sọ ńkọ́? Ẹnu ta ló máa fi sọ ọ́?

Ṣé wọ́n máa yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tà á fún mi ni?

Ọnláìnì ni ọ̀pọ̀ ọjà yẹn ti ń lọ, ta ló máa rí ojú ẹ? Wọ́n kọ ọ́ sára ọjà, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹ.

Mo gbọ́ pé nígbà kan wọn ò lè lo àsíá ara wọn. Báwo nìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀?

Èyí gan-an lọ̀rọ̀ tó yà mí lẹ́nu jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àsíá àwọn Aboriginal, dúdú wà lókè, ìyẹn àwọn èèyàn ẹ̀, pupa wà nísàlẹ̀, ìyẹn ilẹ̀, òòrùn yẹ́lò wà láàárín. Harold Thomas, ọmọ Luritja, ló yà á ní 1971, Adelaide ni wọ́n ti kọ́kọ́ fà á sókè ní July ọdún yẹn. Ó wọ gbogbo èèyàn lọ́kàn, wọ́n fi ń wọ́de, wọ́n fi ń sin òkú, títí ìjọba fi kà á mọ́ àsíá orílẹ̀-èdè ní 1995. Ìgbà tó wá di 1997, kọ́ọ̀tù dá a pé Thomas ló yà á, òun ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé òun nìkan ló lè sọ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sára nǹkan. Kò sí àsíá orílẹ̀-èdè míì tí mo mọ̀ tó wà nínú àpò ẹnì kan ṣoṣo báyẹn.

Ní 2018 ó wá fún ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní WAM Clothing ní láísẹ́ǹsì pé àwọn nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. WAM kì í ṣe ti ọmọ onílẹ̀. Nígbà tó di June 2019 wọ́n kọ lẹ́tà sí Thompson àtàwọn èèyàn ẹ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ní láti jáwọ́ nínú títa aṣọ tó ní àsíá lára. Ẹ fojú inú wò ó ná: àsíá tí wọ́n fi bo pósí bàbá bàbá ẹ, lọ́yà ẹni tí kì í ṣe ará yín wá kọ̀wé pé tó o bá tún fi sára tíṣáàtì, a máa pàdé ní kọ́ọ̀tù.

Obìnrin yẹn ò dákẹ́ o. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn tó lé ní 100,000 fọwọ́ sí i, "Free the Flag" ni wọ́n ń pariwo. Ní 2020 líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà, AFL, tó máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi yẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ sí, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ náà láìsí àsíá yẹn lára jẹ́sì. Àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó lé e lórí. Ìgbà tó máa fi di January 2022, ìjọba ra ẹ̀tọ́ náà, wọ́n san 20.05 mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà fún Thomas àti láti fi pa àwọn láísẹ́ǹsì rẹ́. Láti ìgbà yẹn ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, ìdí nìyẹn tí òòrùn fi wà láyà tíṣáàtì tẹ́ ẹ rí yẹn. Àsíá gan-gan, èyí tí wọ́n ń fà sórí òpó, ilé iṣẹ́ kan ṣì wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè máa ṣe é tà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé fún ara ẹ lo fẹ́ rán tìẹ, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ.

Àwọn kan nínú gúrúpù bẹ̀rẹ̀ sí í bú Thomas. Èmi ò bá wọn dá sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi tẹ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn sára ife àti fìlà láìfún un ní kọ́bọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó gba láísẹ́ǹsì yẹn ò já sí ará ilé.

Àwòrán lásán náà ni ṣá. Kí ló burú nínú ká kọ́pí ẹ̀?

Ẹ má pè é ní lásán. Ìtàn ìṣẹ̀dá ilẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ lára ẹ̀, ìdílé sì ló ń ni ìtàn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Aboriginal ló lè ya gbogbo ẹ̀, bí ọmọ ilé Ògún ò ṣe kàn lè dìde lọ kó ẹrù Egúngún ilé ẹlòmíì.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá ní 1994. Ilé iṣẹ́ kan ní Perth gbé àwòrán àwọn ayàwòrán Aboriginal lọ sí Vietnam, wọ́n fi hun káápẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó o wọlé wọ́n ń tà á. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni àwòrán jẹ́ obìnrin Yolngu (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ti kú, àwọn ìdílé púpọ̀ níbẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ òkú), àwòrán ẹ̀ sì dá lórí ibi mímọ́ kan tí àwọn àgbà ìdílé ẹ̀ ló fún un láṣẹ kó yà. Ẹ wò ó, wọ́n wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, tí wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́! Lójú àwọn èèyàn ẹ̀ òun ni wọ́n máa bi, torí òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Adájọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní 188,000 dọ́là fún wọn, ó sì ka ìtìjú láàárín ìdílé yẹn mọ́ ohun tó bà jẹ́.

Ẹ tún gbọ́ ti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Birubi. Láàárín 2015 sí 2017 wọ́n ta nǹkan tó lé ní 18,000 tí wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ Aboriginal ni, Indonesia ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kan nínú ọjà wọn ni igi pẹlẹbẹ tí wọ́n so okùn mọ́, tí wọ́n máa ń fì yí ká kó máa ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílùú tí wọ́n ti ń sé ilé torí Orò, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ, mi ò ní fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní 2019 kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n san 2.3 mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ṣáájú. Ẹni tó jẹ́ olùdarí Birubi náà ló wà lára àwọn tó ni WAM. Ayé kéré.

Ẹni tó bá ti dé Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tó sì rí àdìrẹ tí wọ́n fi mẹ́ṣìnnì tẹ̀ ní Ṣáínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá tí aró ti pa ọwọ́ ẹ̀ láró títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò yẹ kí n tún máa ṣàlàyé fún un.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tiwọn lóòótọ́?

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Supply Nation, wọ́n ní ìwé orúkọ. Ilé iṣẹ́ tí ọmọ onílẹ̀ bá ni ìdajì ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n bá ni ìdá 51 nínú 100, tí wọ́n sì ń darí ẹ̀ fúnra wọn, ìyẹn ni wọ́n ń fún ní sátífíkéètì. Ó dáa, àmọ́ ìwé lásán kì í tó. Èmi á kàn béèrè ni: ta ló yà á, mob wo ló ti wá, báwo lẹ ṣe ń sanwó fún un? Ṣọ́ọ̀bù tó dáa máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó béèrè. Èyí tó bá ń sọ pé "a mú ìmísí látara wọn", ẹ sá.

Kí ló dé tó fi wọ́n?

Torí ayàwòrán ń gbowó. Ó tán.

Èmi náà dúdú, adúláwọ̀ ni mí, ṣé Mob Only ò kàn mí ni?

Àbúrò mi kejì ló bi mí, inú ń bí i díẹ̀. Rárá, kò kàn ọ́. Dúdú tiwọn kì í ṣe dúdú tiwa, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ ní "Blak", wọ́n yọ "c" kúrò, láti 1991 ni ayàwòrán kan ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn pe ara wọn. Àwa tí a wọ báálù lọ síbẹ̀ fún máásítà àti PR (ìwé ìgbélùú), àlejò ni wá lórí ilẹ̀ wọn, bí awọ wa ṣe wù kó rí. Ra ti àlejò. Ó pọ̀ níbẹ̀, ó sì rẹwà, mo ti ní kó bá mi ra méjì.

Ṣé wọ́n ní sáìsì mi? (Màmá ló béèrè.)

Màmá, ẹ bi ọmọ yín, òun ló wà ní Melbourne.