Bí wọ́n ṣe ń so májèlé mọ́ áńtíbọdì kó lè pa sẹ́ẹ̀lì kánsà

Igi lárà kì í ṣe àjèjì ní Òṣogbo, àwọn tó ń ta ewé lọ́jà mọ̀ ọ́n dáadáa. Kóró ẹ̀ máa ń dán, ó ní àbàwọ́n káàkiri ara bí eégbọn tó mu ẹ̀jẹ̀ yó. Inú kóró yẹn ni májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ricin wà. Iná ló ń pa agbára ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi lárà ṣe ògìrì fi máa ń sè é pẹ́.

Apá méjì ni ricin ní. Apá B ló ń lẹ̀ mọ́ ṣúgà kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà yẹn sì wà lára sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ lọ jàra, torí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ò lè dì mú. Apá A ló ń ṣekú pani gangan: tó bá ti ráyè wọlé, á lọ bá ríbósóòmù níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe púrótéènì, á yọ nǹkan kékeré kan kúrò lára ẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Apá A kan ṣoṣo lè ba ríbósóòmù tó lé ní 1,000 jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ní kókó lọ́yàn má lọ lọ kóró lárà mu o, májèlé yẹn ò mọ sẹ́ẹ̀lì kánsà yàtọ̀ sí ti ẹ̀dọ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n gé apá B kúrò, wọ́n fi áńtíbọdì, ìyẹn púrótéènì tí ara fi ń dá kòkòrò àrùn mọ̀, rọ́pò ẹ̀. Áńtíbọdì kan, nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń dá mọ̀, ọdún 1975 sì ni àwọn onímọ̀ méjì, Köhler àti Milstein, rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe irú kan náà lọ́pọ̀ yanturu.

Ibi tó ti le jù ni wíwọlé. Tí áńtíbọdì bá dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì sínú àpò kékeré kan, májèlé sì gbọ́dọ̀ jáde nínú àpò yẹn kí sẹ́ẹ̀lì tó bà á jẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ náà gbọ́dọ̀ lágbára, torí tó bá já sínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí ò yẹ ni májèlé máa lọ.

Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oògùn yìí kan, moxetumomab pasudotox, fún oríṣi kánsà ẹ̀jẹ̀ kan tí kò wọ́pọ̀, bakitéríà ni májèlé tiẹ̀ ti wá, àmọ́ wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà ní 2023. Irú májèlé ńlá báyìí, ara aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà títí oògùn ò fi ní ràn mọ́, ó sì lè jẹ́ kí omi máa jò jáde látinú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ara wú.

Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn míì máa lo májèlé tó kéré gan-an tí ara ò tètè dá mọ̀. Látinú igi kan ní Etiópíà ni wọ́n ti rí maytansine, ọmọ ìyá ẹ̀ ló wà nínú oògùn T-DM1 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 fún kánsà ọyàn. Kí dókítà tó lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ lára kókó náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá HER2, púrótéènì tí áńtíbọdì inú oògùn yìí ń dì mú, pọ̀ lára ẹ̀. Tí HER2 ò bá pọ̀, áńtíbọdì yẹn ò rí nǹkan dì mú nìyẹn.