Kétu Ni Wọ́n Ti Kọ́kọ́ Fi Ohun Àtijọ́ Kọ́ Ọmọ

Ẹ bi ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibi tí fífi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọ́ ọmọ ní ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọn yóò dárúkọ. Wọn yóò ní IFAN ni, ilé ìwádìí tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1936, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Àjàṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Alexandre Sènou Adandé. Adandé ṣiṣẹ́ ribiribi, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkó nǹkan jọ yàtọ̀ sí fífi nǹkan kọ́ni. Kétu, ìlú Yorùbá àtijọ́ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ti ń kọ́ni kí Faransé tó dé.

Ẹ wo oyè Bàbá Ẹlẹ́gùn, ìyẹn òpìtàn ìlú Kétu. Inú ìdílé kan ló wà, bàbá ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú lórí, láti Ilé-Ifẹ̀ títí kan ọba tó wàjà kẹ́yìn, kó sì sọ ọ́ nígbà tí Alákétu tuntun bá ń jẹ. Níbẹ̀ la ti ń gbọ́ pé Ọba Edé kó ìdílé 120 wá tẹ ìlú dó, àti pé Ìyá Mẹ́fù, obìnrin tí wọ́n bá nílẹ̀, ló fún wọn níná. Báwo lọ́mọdé ṣe ń há gbogbo èyí sórí láìsí ìwé? Mo gbà pé nǹkan tó fojú rí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: wọ́n á mú un dé ilé tí iná ti wá, wọ́n á mú un dé etí yàrà, wọ́n á mú un dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ìyẹn ibodè odi ìlú. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ààyè kékeré sì wà láàárín wọn. Ọmọ tó bá dúró sí àárín yẹn á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀tá tó bá já ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, inú pańpẹ́ ló wọ̀ yẹn. Kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé àwọn tó mọ odi náà ń retí ogun. Kíka ohun àtijọ́ gan-an nìyẹn.

Bí olùkọ́ òde òní bá fẹ́ fi ohun àtijọ́ kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, àpáàdì ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ má tíì fọ̀ ọ́, nítorí omi lè ṣí èéfín kúrò, bẹ́ẹ̀ èéfín tó dì mọ́ ìdí ìkòkò ló ń jẹ́rìí pé ó gun iná rí. Bó bá jẹ́ etí ẹnu ìkòkò lẹ rí, ẹ lè mọ bí ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó: ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n tààrà láti igun kan dé èkejì, kí ẹ sì wọn bí àárín rẹ̀ ṣe tẹ̀ jìnnà sí rúlà tó. Ká ní tààrà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, títẹ̀ jẹ́ 1. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Ẹ fi ìlọ́po 8 títẹ̀ náà pín in, ó di 12.5, ẹ fi ìdajì títẹ̀ kún un, ó di 13. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ẹnu ìkòkò náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 26. Àpáàdì kékeré máa ń ṣini lọ́nà. Bí tààrà bá jẹ́ 4 péré, àṣìṣe mìlímítà kan lè sọ ẹnu 20 di 14.

Ẹ wá wo ọnà ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra ní ìlà, ṣùkù àgbàdo ni amọ̀kòkò yí lórí amọ̀ tútù. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn 1492, nítorí náà ìkòkò yẹn kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má wá yí i po o: àìsí ojú ṣùkù kò sọ ìkòkò di àgbà, torí àwọn amọ̀kòkò kò tìtorí àgbàdo jáwọ́ nínú fífi okùn ṣe ọnà.

Ti igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́, ère tí wọ́n ń gbé jó nínú eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Àwọn kan sọ pé ìlú Ìlobì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Kétu mọ ohun tó ni. Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òógùn bá ti sọ ọ́ di dúdú, tí ihò tí wọ́n fi ń so aṣọ mọ́ ọn sì ti jẹ, wọ́n ti gbé e jó. Èyí tí wọ́n gbẹ́ fún títà kì í sábà ní àmì wọ̀nyí. Orí ni wọ́n ń gbé e lé, kì í ṣe ojú, nítorí náà ẹni tó gbé e kọ́ ògiri ti kọ́ ọmọ ní irọ́ kí ó tó lanu. Méjì-méjì ni wọ́n sì sábà máa ń jó. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ béèrè ìkejì.

Ní 2021 ni Faransé dá ohun 26 tó jẹ́ ti àwọn ọba Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ kan ní Bẹ̀nẹ̀, padà.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti dúró de irú ohun ọba bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà má gbẹ́ ilẹ̀. Àpáàdì tí àgbàrá ti hú síta ni kí wọ́n lò, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi tó wà sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.