Diamond Life (àwo orin)

Diamond Life ni àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Sade. Ilé-iṣẹ́ Epic ló gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje 1984. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1985. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Jáàsì, sóòlù àti pọ́ọ̀pù ló lú mọ́ra níbẹ̀. Inú "Smooth Operator", orin tó ṣíwájú nínú àwo náà, ni wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà

Sade kì í ṣe orúkọ akọrin nìkan, òun náà ni orúkọ ẹgbẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí akọrin náà, Helen Fọláṣadé Adú, sí ní 1959. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti dàgbà. Òun, Stuart Matthewman (saksofóònù àti gìtá) àti Paul Denman (gìtá báàsì) ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Pride tẹ́lẹ̀. Andrew Hale ló wà nídìí dùùrù. Paul Cooke, ọ̀kan nínú àwọn tó lùlù sínú àwo náà, kúrò lẹ́gbẹ́ ní 1984.

Bí orin náà ṣe ń dún

Sítúdíò Power Plant ní London ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 1983, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Robin Millar ni prodúsà, ìyẹn ẹni tó darí iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, síńtẹsáísà (dùùrù tó ń fi iná mànàmáná dá oríṣiríṣi ohùn) àti ẹ̀rọ onílù ló gbòde nínú orin pọ́ọ̀pù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Millar kò bá wọn sáré. Dùùrù gidi àti dùùrù oníná Fender Rhodes ló lò, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì, débi pé báàsì Denman ló sábà máa ń gbé orin rìn.

Orin tó kẹ́yìn nínú àwo náà, "Why Can't We Live Together", ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù. Timmy Thomas, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1972: ohùn rẹ̀, dùùrù rẹ̀, àti ẹ̀rọ onílù tí wọ́n kàn mọ́ dùùrù náà, ó parí. Ó wà lára àwọn orin àkọ́kọ́ tó sọ ẹ̀rọ onílù di ìlú-mọ̀ọ́ká. Sade dá ìlù orin náà padà sọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n sì fà á kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Síbẹ̀, ìlù náà ṣì ń yí po lójú kan náà bíi ti ẹ̀rọ, kò yára, kò falẹ̀.

Ṣé jáàsì ni? Ó jọ pé inú ìṣètò ohùn dùùrù ni jáàsì wà jù, kì í ṣe nínú àtinúdá ojú-ẹsẹ̀. Ohun tí saksofóònù fi bẹ̀rẹ̀ "Your Love Is King" ṣe pàtó tó ohun tí ènìyàn lè fẹnu kọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló pọ̀ jù, àmọ́ "When Am I Going to Make a Living" dá lórí wàhálà àtijẹ àtimu.

Ìtẹ́wọ́gbà

Àwo náà dé ipò kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ní 1985, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Brit fún àwo tó dára jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi Grammy ti olórin tuntun dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá ní 1986, àwo wọn kejì, Promise, ti wà lọ́jà.