Olórí ẹbí fọwọ́ sí i, ilé ò tíì di tiyín

Ẹni tó bá ra ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ẹ bá bi í pé ṣé ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé "olórí ẹbí fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé mi." Àwọn éjéǹtì ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Wọ́n á mú yín lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, bàbá á ti wọ agbádá dè yín, á tẹ̀ka, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba owó ọtí àti owó àdúrà, wọ́n á já rìsíìtì, ẹ̀yin náà á sì máa lọ sílé bí onílé. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ o.

Ẹ wo bí ilé ibẹ̀ ṣe rí ná. Láti Ìdúmọ̀tà lọ dé Olówógbowó títí dé Pópó Àgùdà, ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́, àwọn tó rówó nídìí epo pupa àti aṣọ nígbà tí òwò ojú omi ṣì ń gbóná létí Marina, Sàró tó dé láti Sierra Leone wà níbẹ̀, Àgùdà tó dé láti Brazil wà níbẹ̀, ọmọ Èkó gidi náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, tí onílé bá kú tí ò kọ wíìlì, ilé di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, àwọn ọmọ á tún bímọ, wọ́n á pín yàrá, èyí tó wà ní London náà á ṣì máa sọ pé òun ní yàrá kan lókè. Olórí ẹbí kàn ń bá wọn bójú tó o ni.

Ta tiẹ̀ ni olórí ẹbí? Níbí ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín, torí ọkùnrin tó dàgbà jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilé ẹbí Olóyè Mabinuori l'Ékòó níbí, kóòtù ní Dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin tó dàgbà jù, ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù láyé ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Torí náà bàbá tó wọ agbádá yẹn lè máà jẹ́ olórí ẹbí rárá, kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó wà ní Sùúrùlérè ló ni ipò yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ká tiẹ̀ ní òun gan-an ni. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 làwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí lórí títà. Bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á tí olórí ẹbí ò sí ńbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí gbà, ìyẹn ò tíì di òfo, àmọ́ àwọn tí wọn ò bi lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e, tí wọ́n bá ti tètè lọ. Ìdajì òfin yìí làwọn éjéǹtì ń kà fún èèyàn. Èyí tó wá burú jù ni pé kí olórí ẹbí kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé òun fúnra òun lòun ń tà, ìyẹn òfo pátápátá ni, ẹ rọra ka ìlà yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ẹbí tí mò ń wí, ìdí igi lẹ máa fi mọ̀ wọ́n. Bàbá tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ẹ̀ka mẹ́ta ló wà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní aṣojú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdí igi yìí dé Privy Council ní London, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà náà, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962, wọ́n sì gbà pé àṣà Yorùbá ni. Ẹ̀ka kan tí ẹ fò, òun ló máa pè yín lẹ́jọ́.

Àwọn kan á ní "èmi ní C of O." Ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ó dáa. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, pé ẹ̀rí ni C of O, tí ẹlòmíì bá yọjú tí ẹ̀tọ́ ẹ̀ lágbára ju tiyín lọ, ìwé náà á já. Ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba àti ilẹ̀ ẹbí ti pẹ́ l'Ékòó, láti 1861 tí Ọba Dòsùnmú ti tẹ̀ka sí ìwé tó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apapa, Olóyè Amodu Tijani Oluwa gbé wọn lọ kóòtù, Herbert Macaulay bá a dé London, Privy Council sì dá a láre ní 1921, wọ́n ní ìwé Dòsùnmú ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá rò pé ìwé ìjọba lè pa ẹbí lẹ́nu mọ́, kó lọ bi àwọn Gẹ̀ẹ́sì jàre.

Ti ilé àtijọ́ tún ní tiẹ̀ o. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n fi katapíllà wó o. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ pé òun máa wó o kọ́ pláàsà, òfin ò gbà á, kódà kí gbogbo ẹbí tẹ̀ka.

Kí lẹ wá máa ṣe? Ẹ wá lọ́yà tiyín, ẹ má lo ti ẹbí, kó lọ yẹ ilé náà wò ní lándì rẹ́jísírì ní Alausa, kó tún wò ó bóyá ẹjọ́ wà lórí ẹ̀ ní kóòtù. Kí aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú olórí ẹbí, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìfọwọ́sí gómìnà, Land Use Act 1978 ló pàṣẹ ẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kọ "THIS HOUSE IS NOT FOR SALE" sára ògiri, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ torí àwọn 419, nígbà míì ẹ̀ka kan ló ń fi sọ fún ẹ̀ka kejì pé òun ò gbà.

Ẹ tún lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ ilé náà, kẹ́ ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn o, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún. Tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta bá dárúkọ èèyàn mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta lẹ máa bá dúnàá-dúrà nìyẹn, ó kéré tán.